Bí A Ṣe Ń Fi Gíléèsì Kun Ìkòkò Amọ̀, Tí A Sì Ń Sun Ún Nínú Ìléru

Bí ìkòkò bá fọ́ nínú ìléru, iná ni gbogbo ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi ló fọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ ibi tí omi sá pamọ́ sí nínú amọ̀, tó sì fún un láyè kó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì àdánù inú iṣẹ́ yìí. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ dígí. Gíléèsì kì í ṣe ọ̀dà. Dígí ni: òkúta lílọ̀ tí a pò mọ́ omi, tó ní láti yọ́ pátápátá kó tó lè gbá ara amọ̀ mú.

Iṣẹ́ dígí kì í ṣe àjèjì ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Igbó Olókun, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àfọ́kù ìkòkò tí àwọn ará àtijọ́ fi ń yọ́ dígí ìlẹ̀kẹ̀, dígí náà sì ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lára pinpin. Ohun tó ṣèèṣì bá àwọn ìkòkò yẹn ni àwa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe sí abọ́ àti ife.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ kùn

Ẹ má fi gíléèsì kun àmù. Omi inú àmù ń tutù nítorí pé ó ń làágùn gba ara amọ̀ jáde, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé òógùn náà lọ pẹ̀lú ooru. Ẹni tó bá fi dígí dí ara rẹ̀ ti sọ ọ́ di korobá. Ẹ má sì kun ìṣaasùn tó máa jókòó lórí ààrò. Ìkòkò ìdáná ìbílẹ̀, irú èyí tí àwọn ìyá ní Ìpetumodù ń mọ, ara rẹ̀ kò dì jù, a kì í sì í sun ún gbóná jù. Ìdí nìyí tó fi lè gba iná ní ìsàlẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì tutù. Dígí kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, sísán ni yóò sán. Iná gbangba tí wọ́n fi ń sun irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú igi àti koríko, kì í sábà gbóná tó, kì í sì í dúró pẹ́ tó, láti yọ́ gíléèsì. Ìléru ni ẹ ó lò.

Ife, abọ́, àwo ìjẹun, ìkòkò oyin, ìkòkò òdòdó: àwọn wọ̀nyí ni gíléèsì yẹ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ amọ̀ yín

Amọ̀ pupa tí a ń wà ní àbàtà àti etí odò kún fún irin. Irin ló ń jẹ́ kó pọ́n, òun náà ló sì ń jẹ́ kó tètè rọ̀ nínú iná. Púpọ̀ nínú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń le dáadáa láàárín 1000°C sí 1080°C. Ẹ gbé e dé 1200°C, ó lè wú bí búrẹ́dì, ó lè tẹ̀, ó sì lè dà sílẹ̀ sórí pẹpẹ ìléru. Nítorí náà, gíléèsì tó ń yọ́ ní 1280°C kò wúlò fún un, bó ti wù kó dán tó. Amọ̀ funfun tí kaolin (amọ̀ funfun tí irin kò pọ̀ nínú rẹ̀) pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń gba irú ooru yẹn. Ladi Kwali, obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20, ọwọ́ ló fi ń mọ ìkòkò bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé iṣẹ́ ìkòkò Abuja, ìlú tí à ń pè ní Suleja báyìí, amọ̀ tó lè gba ooru gíga ni wọ́n lò kí gíléèsì tó lè dúró lára iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó náwó lórí ohunkóhun, ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ gé amọ̀ sí ọ̀pá mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 14 cm, kó fẹ̀ ní 3 cm, kó nípọn ní 1 cm. Nígbà tó ṣì tutù, ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà tó gùn ní 10 cm gẹ́lẹ́ sí i lára. Tí wọ́n bá gbẹ tán, ẹ sun méjì ní 1000°C, méjì ní 1060°C, méjì ní ibi tó ga jù lọ tí ìléru yín lè dé. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ọ̀kan nínú méjèèjì lé orí bíríkì méjì bí afárá, kí àárín rẹ̀ wà lófìfo, kí ẹ sì fi àfọ́kù àwo sábẹ́ rẹ̀ bí ó bá lọ yọ́. Ọ̀pá tó bá tẹ̀ ní àárín ti sọ tẹnu ẹ̀: ẹ má gbé amọ̀ yẹn dé ibẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wọn ìlà náà. Bí 10 cm bá ti di 9 cm, àwo tí ẹ bá fẹ́ kó fẹ̀ ní 18 cm gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní 20 cm nígbà tí ẹ ń mọ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ọ̀pá kejì sórí òṣùwọ̀n ní gbígbẹ, ẹ sè é nínú omi fún wákàtí méjì, ẹ jẹ́ kó tutù nínú omi náà, ẹ nu ara rẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí 200 g bá di 224 g, ó ti mu omi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín 10 sí 15 ló dára jù fún ìkòkò tí a fẹ́ kùn. Bí kò bá tó 3, ara amọ̀ yẹn ti dì, gíléèsì yóò sì máa ṣàn kúrò lára rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò.

Gbígbẹ

Nígbà ọyẹ́, etí ìkòkò ń gbẹ kí ìdí rẹ̀ tó mọ̀ pé oòrùn ti yọ. Etí á sún kì, ìdí kò ní tẹ̀lé e, ìkòkò á sì la. Ẹ fi ọ̀rá bo etí nìkan fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀ ní kété tó bá ti le tó láti gbé. Nígbà òjò, wàhálà rẹ̀ yàtọ̀: ìkòkò lè dà bí ẹni pé ó ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, omi ṣì ń jáde níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ kì í mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń mọ̀.

Sísun àkọ́kọ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń sun ìkòkò tí a fẹ́ kùn. Ti àkọ́kọ́ ń sọ amọ̀ di òkúta, síbẹ̀ ó ń fi ihò tín-ín-rín sílẹ̀ tí yóò fa gíléèsì mu. Ní àkókò yìí, ìkòkò lè fara kan ara wọn, kékeré sì lè wọ inú ńlá, torí kò tíì sí dígí tó máa lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ìwúwo òkè pọ̀ jù fún etí tó wà nísàlẹ̀.

Oríṣi omi méjì ló wà nínú amọ̀. Èkíní ni ìyókù omi tí a fi pò ó. Yóò di oru ní 100°C, bí ooru bá sì yá ju oru lọ, oru á la ọ̀nà tirẹ̀: ẹ ó gbọ́ "pó!" nínú ìléru, ìdí ìkòkò á sì fò yọ bí ìpẹ́ ẹja. Ìkòkò kan tó bá bú báyìí lè fi àfọ́kù ba mẹ́rin tó yí i ká jẹ́. Omi kejì so mọ́ amọ̀ fúnra rẹ̀. Kò ṣeé fojú rí, oòrùn kò lè lé e, láàárín 350°C sí 600°C ló ń jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni amọ̀ kò lè padà di ẹrẹ̀ mọ́ láé.

Ohun kẹta kì í ṣe omi. Quartz tó wà nínú yanrìn inú amọ̀ máa ń wú lójijì ní 573°C. Nígbà tí ìléru bá ń tutù, ibi 573°C yẹn náà ló ti ń sún kì. Ẹ rọra kọjá níbẹ̀, ní àlọ àti ní àbọ̀.

Bí iná ṣe máa lọ nínú ìléru gáàsì kékeré nìyí. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, iná kékeré kan ṣoṣo, kí ilẹ̀kùn ṣí ní ìwọ̀n ìka méjì, kí ooru má kọjá 100°C. Ẹ gbé dígí ìwojú tútù sí ẹnu ihò òkè fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá làágùn, omi ṣì ń jáde. Ẹ má fi kún iná, bí ilẹ̀ tiẹ̀ ti mọ́. Ìgbà tí dígí bá jáde ní gbígbẹ ni kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Láti 100°C dé 300°C, ẹ má jẹ́ kó ju 60 sí 80°C lọ ní wákàtí kan. Láti 300°C dé 600°C, 100°C ní wákàtí kan. Láti ibẹ̀ dé 900°C, ó lè tó 150°C. Ẹ dẹ̀ ẹ́ padà láàárín 900°C àti 1000°C, ẹ fi ihò atẹ́gùn sílẹ̀ gbayawu, kí ẹ sì dá a dúró ní 1000°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gbòǹgbò, ewé àti ìdọ̀tí inú amọ̀ ń jó di èéfín ní gbogbo àkókò yìí, atẹ́gùn ni wọ́n sì nílò. Bí ẹ bá sáré, inú amọ̀ yóò dúdú bí èédú, gáàsì tó kù níbẹ̀ á sì dúró de gíléèsì láti da ojú rẹ̀ rú nígbà sísun kejì.

Gbogbo rẹ̀ á gbà tó wákàtí 13. Ẹni tó bá tanná ní aago márùn-ún ìdájí yóò pa á ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àfi bí sílíńdà bá dì. Sílíńdà 12.5 kg kò lè pèsè gáàsì kíákíá tó fún ìléru. Ara rẹ̀ á bo fún yìnyín, iná á sì máa kú lọ nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Sílíńdà 50 kg méjì tí a so pọ̀ ló dára. Bí kékeré lẹ ní, ẹ gbé e sínú ọpọ́n omi tó wà ní ìwọ̀n ooru ara. Omi gbígbóná kọ́, iná rárá kọ́. Ìta gbangba tàbí abẹ́ àtíbàbà tó ṣí ní ìhà mẹ́rin ni ìléru gáàsì yẹ kó wà, torí èéfín tí kò lóòórùn ń pa ènìyàn nínú yàrá. Ní ti ìléru oníná mànàmáná, ó mọ́, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n bí iná ìjọba bá lọ ní 800°C, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ooru bá sọ̀ kalẹ̀ dé.

Bí ẹ kò bá ní ohun èlò tí ń ka ooru, ojú lè ràn yín lọ́wọ́ nínú òkùnkùn: pupa rúsúrúsú jẹ́ nǹkan bí 650°C, pupa tó mọ́ jẹ́ 800°C, àwọ̀ ọsàn jẹ́ 1000°C, àwọ̀ ìyeyè tó ń dán jẹ́ 1150°C sókè. Ojú a máa tanni jẹ ní ọ̀sán gangan, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan.

Lẹ́yìn tí iná bá kú, ẹ dí gbogbo ihò, ẹ sì fi ìléru sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣí i tí kò bá tíì wálẹ̀ sí 100°C.

Pípo gíléèsì

Iṣẹ́ mẹ́ta ni àwọn ohun inú gíléèsì ń ṣe. Silica ni dígí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dá wà, kò ní yọ́ títí dé nǹkan bí 1700°C. Ohun kejì ni àwọn tó ń mú un yọ́ ní ooru tó rẹlẹ̀: feldspar (òkúta kan tí a lọ̀), whiting (òkúta ṣọ́ọ̀kì lílọ̀), eérú igi, àti èròjà tí à ń pè ní boron. Ẹ̀kẹta, kaolin, ló ń mú un dúró kó má baà ṣàn lọ. Kaolin dára ní Ìjerò-Èkìtì, yanrìn funfun fún silica sì wà ní Igbókòdá. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun. Ẹ má lọ òkúta fúnra yín nílé.

Fún amọ̀ pupa, láàárín 1040°C sí 1060°C, èyí tó rọrùn jù:
frit tó ní boron, 85 nínú 100 ní ìwúwo
kaolin, 15

Frit jẹ́ dígí tí ilé iṣẹ́ ti yọ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì lọ̀. Àwọn kan máa ń gún ìgò ọtí dípò rẹ̀. Ó ń yọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dígí ìgò máa ń sún kì púpọ̀ tó bá ń tutù, gíléèsì á sì sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó tó fún ìkòkò òdòdó. Kò yẹ fún abọ́ ọbẹ̀.

Fún amọ̀ tó lè dé 1280°C, ìwọ̀n tí àwọn oníkòkò kárí ayé mọ̀ sórí ni 4, 3, 2, 1: feldspar 40, silica 30, whiting 20, kaolin 10. Bí ẹ bá fẹ́ gíléèsì eérú, eérú igi 40, feldspar 40, kaolin 20, ní 1260°C sí 1280°C. Àwọ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba láti ìléru dé ìléru. Ẹni tó bá fẹ́ àwo méjìlá tó jọra kó má lò ó.

Eérú tí a rí lábẹ́ ààrò gàrí tàbí ilé búrẹ́dì dára, bí kò bá ti sí ọ̀rá tí wọ́n fi tanná níbẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ ro ó, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ da omi òkè nù, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, kí ẹ wá sá a, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, torí omi eérú a máa jẹ ọwọ́. Eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú mú ju gbogbo wọn lọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́ṣẹ.

Ẹfun inú ọjà ń kọ́? Òmíràn jẹ́ kaolin, òmíràn jẹ́ ìdílé whiting, ojú kò sì lè yà wọ́n. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bó bá hó, ìdílé whiting ni. Bí kò bá hó, ẹ lè gbà pé amọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣì dán an wò lórí àfọ́kù kan kí ẹ tó kó o sínú gíléèsì.

Fún àwọ̀, lórí 100 gíléèsì: iron oxide 2 á fún un ní àwọ̀ oyin, 8 á gbé e dé àwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú, copper carbonate 2 sí 3 á sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, cobalt oxide kò gbọdọ̀ ju 1 lọ, ó ti tó fún búlúù bíi ti sẹ̀gi. Ẹ má fi òjé sí i. Pàápàá jù lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ òjé láti inú bátìrì mọ́tò fi ṣe gíléèsì. Májèlé ni fún ẹni tó ń pò ó, fún ẹni tó dúró ti ìléru, àti fún ẹni tó máa jẹun nínú àwo náà.

Fún 2 kg gíléèsì ti amọ̀ pupa: frit 1,700 g, kaolin 300 g, àti 30 g bentonite, amọ̀ kíkúnná tí kì í jẹ́ kí gíléèsì silẹ̀ kíákíá. Ẹ da gbogbo ìyẹ̀fun yìí pọ̀ sínú ike tó ní ìdérí, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n, nítorí pé bentonite tó bá dá wọ omi á di kókó. Ẹ bu omi 1.8 lítà sínú korobá, ẹ wá rọra da ìyẹ̀fun sínú omi. Ẹ má da omi lé ìyẹ̀fun. Eruku á bo gbogbo ilé. Eruku silica ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìsí àtúnṣe, nítorí náà ẹ wọ ìbòmú gidi, kì í ṣe aṣọ tí a so mọ́ imú. Ẹ má gbálẹ̀ yàrá iṣẹ́, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Ẹ fi sílẹ̀ di òwúrọ̀, ẹ rò ó, ẹ sì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú asẹ́ 80 mesh (asẹ́ tó ní ihò 80 nínú íǹṣì kan). Asẹ́ ògì tí wọ́n fi aṣọ ṣe lè ràn yín lọ́wọ́ bí kò bá sí òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ má dá a padà sí ilé ìdáná mọ́. Bó ṣe máa rí ni bíi mílíìkì inú agolo. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ wọn 100 ml: ó yẹ kó wúwo tó nǹkan bí 145 g. Bó bá fẹ́rẹ̀, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, kí ẹ sì bu omi òkè kúrò. Bó bá le, ẹ fi omi kún un ní ṣíbí ṣíbí.

Kíkùn

Eruku àti ọ̀rá ni ọ̀tá níbí. Ẹ fi fóòmù tútù nu ìkòkò tí a ti sun lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kàn án, torí ibi tí epo bá wà, gíléèsì á sá kúrò níbẹ̀. Ẹ yọ́ àbẹ́là nínú agolo tí ẹ gbé sínú omi gbígbóná, kí ẹ sì fi í kun ìdí ìkòkò títí dé 3 mm sókè ní ẹ̀gbẹ́. Gíléèsì kò ní dúró lórí ìda.

Inú ni a kọ́kọ́ ń kùn. Ẹ ro gíléèsì láti ìsàlẹ̀ korobá, ẹ bù ú kún ìdajì ìkòkò, ẹ yí i kó kan gbogbo ara, kí ẹ sì dà á jáde. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju kíka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta lọ. Ara ìkòkò ti mu omi báyìí. Bó bá jẹ́ ìkòkò fẹ́lẹ́, ẹ dúró wákàtí mélòó kan kí ẹ tó kun ìta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lè fa ohunkóhun mọ́. Fún ìta, ẹ fi ìka mú ìdí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ korobá ní dídojúdé, ẹ ka ẹ̀ta, ẹ yọ ọ́, ẹ sì gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ ha ibi kan tó fara sin láti wo bó ṣe nípọn tó. Kó má ju káàdì báǹkì lọ. Gíléèsì tó bá kán ṣù jọ sẹ́nu ìkòkò, ẹ fi ọ̀bẹ ha á, torí iná kò ní tẹ́ ẹ. Búrọ́ọ̀ṣì náà ṣeé lò: ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ ó kùn ún, kí ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ kí ẹ tó kun òmíràn, kí èyí tó tẹ̀lé e sì dábùú rẹ̀.

Títò sínú ìléru

Ẹ pò kaolin àti silica ní ìdajì sí ìdajì pẹ̀lú omi, kí ẹ fi kun ojú pẹpẹ ìléru lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú òkè nìkan. Bí ẹ bá kun abẹ́, yóò máa já sínú àwo tó wà nísàlẹ̀. Gíléèsì tó bá kán sórí ojú tí a kùn yóò ṣeé yọ. Èyí tó bá kán sórí pẹpẹ lásán á di ti pẹpẹ títí láé. Ẹ fi fóòmù nu ìdí ìkòkò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fi àlàfo tó tó 1 cm sáàárín wọn, torí dígí tó bá yọ́ a máa wú díẹ̀ kó tó balẹ̀.

Ẹ gbé kóònù mẹ́ta, ìyẹn ṣóńṣó kékeré tí wọ́n ṣe kó tẹ̀ ní ooru tí nọ́ńbà rẹ̀ dúró fún, síwájú ihò ìyọjú: fún 1060°C, 05, 04 àti 03. Nígbà tí 05 bá tẹ̀, ẹ múra. Nígbà tí orí 04 bá kan ilẹ̀, iná ti tó. Bí 03 bá tẹ̀, ẹ ti kọjá. Kóònù sàn ju ohun èlò tí ń ka ooru lọ nítorí pé ó ń jìyà ohun tí ìkòkò ń jẹ, ooru àti àsìkò papọ̀. Níbi tí kóònù bá ti ṣọ̀wọ́n, ẹ mọ òrùka amọ̀ mẹ́rin, ẹ sun wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ kùn wọ́n, ẹ sì tò wọ́n sí ibi tí ọ̀pá irin lè gbà láti ihò ìyọjú. Tí ẹ bá rò pé ó ti tó, ẹ fi irin fa ọ̀kan jáde. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì rí bíi ṣúgà, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un kí ẹ tó fa ìkejì. Àwọ̀ rẹ̀ yóò yàtọ̀ torí pé ó tutù lójijì. Dídán rẹ̀ nìkan ni kí ẹ wò.

Sísun kejì

Èyí yára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n omi tún ti wọ ìkòkò láti inú gíléèsì, nítorí náà wákàtí kan tí ooru kò ju 100°C lọ ṣì pọn dandan. Lẹ́yìn rẹ̀, 100°C ní wákàtí kan títí ẹ ó fi kọjá 600°C, lẹ́yìn náà 150°C títí dé 950°C, ẹ wá dẹ̀ ẹ́ sí 60°C ní wákàtí kan dé òpin. Ní òpin, ẹ dá iná dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Gíléèsì máa ń hó nígbà tó bá ń yọ́, bí ọbẹ̀ tó wà lórí iná, ìṣẹ́jú wọ̀nyí ló sì máa ń jẹ́ kí ojú ihò rẹ̀ padà pa dé. Ẹ ṣọ́ iná tó bá ń yọ èéfín dúdú láti ihò ìyọjú: afẹ́fẹ́ kò tó, gíléèsì frit sì lè di eérúeérú.

Ẹ pa á, ẹ dí i, ẹ fi sílẹ̀. Ariwo "tín, tín" tí ẹ bá gbọ́ nígbà tí ẹ ṣí i ní 200°C ni gíléèsì tó ń sán.

Bí iṣẹ́ bá jáde tí kò rẹwà

Ìlà wẹ́wẹ́ bí okùn aláǹtakùn lórí gíléèsì túmọ̀ sí pé dígí sún kì ju amọ̀ lọ. Ẹ fi silica 5 kún 100 gíléèsì, ẹ dán an wò, ẹ tún fi 5 kún un bó bá ṣì wà. Fún amọ̀ pupa, gbígbé sísun àkọ́kọ́ láti 1000°C sí 1040°C a máa ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí ìlà náà tó yọ, torí náà ẹ má tíì tà á lọ́jọ́ tó jáde. Òdìkejì rẹ̀ burú jù: gíléèsì á máa bó ní etí bí èèpo ẹyin. Dígí kò sún kì tó nìyẹn. Ẹ dín silica kù, kí ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní irú ife bẹ́ẹ̀ fi mumi, torí èèpo náà mú bí abẹ.

Bí gíléèsì bá kó jọ sí àwọn erékùṣù tí amọ̀ sì hàn láàárín wọn, eruku, epo tàbí kíkùn tó nípọn jù ló fà á. Bó bá ti sán nígbà tó gbẹ lára ìkòkò, kí iná tó kàn án, kaolin ti pọ̀ jù. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ jẹ́ kí ìkòkò gbẹ fún ọjọ́ kan, ẹ tún un kùn.

Ihò bí ojú abẹ́rẹ́: sísun àkọ́kọ́ ló yára jù, tàbí ìdádúró ní òpin kò tó. Gíléèsì tó ṣàn dé ìdí: ó nípọn, tàbí ooru kọjá. Ojú tó gbẹ tó sì rí ṣákiṣàki bí yanrìn: ooru kò tó, ẹ sì lè tún un sun. Ìkòkò tó la sí méjì tí ojú ibi tó ti la mú ṣáṣá là nígbà títútù, ẹnì kan ló kánjú ṣí ìléru. Bí ojú ibi tó ti la bá yíká, tí gíléèsì sì ti ṣàn bò ó, ó ti là kí gíléèsì tó yọ́.

Kí abọ́ tó dé orí tábìlì

Ẹ fi òkúta ìpọ́nbẹ ha ìdí rẹ̀ kó má baà fa tábìlì lára. Ẹ bu omi sí i, ẹ gbé e lé orí bébà fún òru kan. Bí bébà bá tutù, amọ̀ náà ń jò, kò sì yẹ fún ọbẹ̀. Ẹ wá gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ẹ dojú ìdajì kan dé inú àwo náà, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ bá ṣá, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, gíléèsì yẹn ń yọ́ sínú oúnjẹ. Àwọn tí copper wà nínú wọn ló sábà máa ń kùnà níbí. Bí kò bá sì yí padà, gíléèsì aláwọ̀ copper tàbí cobalt ṣì sàn kó wà ní ìta àwo, kí inú tí oúnjẹ ń kàn jẹ́ èyí tí a kò fi àwọ̀ sí. Èyí tó bá kùnà, ẹ gbin òdòdó sí i.